Awò Ojú Mọ́kànlá àti Bàtà Kan Tó Sọnù

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Chadwell Heath, bàtà mi sọnù. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀ síbì kan o. Mo bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí gbogbo wa ṣe ń bọ́ tiwa, nítorí ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọlé nínú ìjọ Aládùúrà wa. Mo tì í sí igun, lábẹ́ ibi tí a ń fi kóòtù kọ́, mo sì kọ orí rẹ̀ síta kí n lè tètè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi lọ sí Scotland máa kúrò ní King's Cross ní aago mẹ́rin. Mo ti ṣírò gbogbo rẹ̀ pé ìsìn á parí ní aago kan, ìdágbére á gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àsìkò tó kù á tó mi dé ibẹ̀ láì sáré.

Ẹ sáà wò mí. Ọmọ Yorùbá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún mú bírò, ó ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ fún ìdágbére. A máa ń dágbére lórí ìjókòó, a ó dìde, a ó tún dágbére lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà tí a bá wá dé ìdí géètì ni ọ̀rọ̀ gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ náà sì ti bà mí jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wakọ̀ láti Barking sí Chadwell Heath lọ bọ̀. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́, ẹnìkan á pè mí lórí rédíò. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú méjì yá jù, ẹni yẹn kan náà ló máa pè mí. Inú mi kì í dùn sí ẹni tó bá ń fi àsìkò ṣeré, mo sì máa ń sọ ọ́ jáde, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi yàn mí sínú ìgbìmọ̀ ìkórè.

Kí n tó di awakọ̀, olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí nílé ìwé girama kan l'Ábẹ́òkúta. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ wa láràárọ̀ Sátidé. Ohun tó fà á ni pé Bàbá Wòlíì, olórí ìjọ wa, bi ọmọ kan pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ ní, "Àmín." Bàbá ní, "Kí lorúkọ ìyá ẹ?" Ọmọ ní, "Àmín," ó sì kúnlẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n bí gbogbo wọn sí, ohun tí gbogbo wọn sì mọ̀ ní Yorùbá kò ju orúkọ oúnjẹ àti "mo máa gbá ẹ létí" lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ìyá Ìjọ ni, àgbà obìnrin ìjọ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Dagenham kó tó fẹ̀yìn tì. Tí Ìyá Ìjọ bá húkọ́, àwọn akọrin á dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe. Tí wọ́n bá ti ní kó wá ka ẹ̀kọ́ nínú Ìwé Mímọ́, á tú báàgì rẹ̀, á mi orí, á ní, "Ẹ ò rí i, mo ti gbàgbé gíláàsì mi sílé."

Aláàánú sì ni àwọn ará ìjọ wa. Wọ́n ra awò ojú fún un ní Kérésì, wọ́n rà á ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹnìkan tiẹ̀ mú èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ wá. Awò ojú di mọ́kànlá. Ọ̀kan ní okùn, ọ̀kan pọ́n fòò, ọ̀kan tí wọ́n rà ní ọjà East Street ní òkúta wínníwínní yí ká. Bí inú rere wọn ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ń dín kù. Ó wá ń sọ pé eléyìí ti lágbára jù, tọ̀hún ń fún òun lẹ́fọ̀ọ́rí. Níbi tí kò bá ti rí àwáwí kankan mọ́, á ṣí Ìwé Mímọ́ síwájú, á tẹjú mọ́ ọn, á wá ka sáàmù tó ti mọ̀ lórí, á sì máa ṣí ojú ìwé nígbà tó bá wù ú.

Inú bọ́ọ̀sì mi ni mo ti mọ àṣírí rẹ̀. Wọ́n ń tún títì ṣe lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n má dé Chadwell Heath, kí n yí padà lágbedeméjì. Wọ́n kọ ọ́ síwájú bọ́ọ̀sì gàdàgbà, pẹ̀lú iná. Gbogbo èrò kà á, wọ́n pòṣé, wọ́n dúró de òmíràn. Ìyá Ìjọ nìkan ló wọlé, nítorí nọ́ńbà ló mọ̀ lójú. Ó kí mi, ó jókòó ti iṣu tó rà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti fẹ́ yí, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo lọ bá a.

"Ìyá, ẹ ẹ̀ rí i níwájú bọ́ọ̀sì ni? Mi ò dé ọ̀hún today o. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ìwọ náà mọ̀, Tíṣà. Gíláàsì mi ni mo gbàgbé."

"Ìyá, gíláàsì wà lójú yín. Òmíràn tún wà lórí gèlè yín."

Ó fọwọ́ kan ojú, ó fọwọ́ kan gèlè. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, mo máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lé ẹ lórí." Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà, mo búra fún un lórí ìdúró.

Nígbà náà ló sọ ìyókù. Ìyá tó bí i ní Ìjẹ̀bú kò mọ̀wé, akọ̀wé ló máa ń bá a kọ lẹ́tà. Òun náà kò mọ̀wé, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbélé ní Barking ló máa ń bá a kà á. "Èèyàn méjì ló wà láàárín èmi àti ìyá mi, Tíṣà. Obìnrin yẹn kì í dẹ̀ ka gbogbo ẹ̀. Tó bá dé ibì kan, á rẹ́rìn-ín, á fò ó. Tí mo bá ní kí ló dé, á ní it's nothing, it's nothing." Ìyá rẹ̀ ti kú, obìnrin náà ti kó lọ. Àwọn lẹ́tà náà ṣì wà nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń rò ó pé kí ni ìyá òun sọ tí kò ṣeé kà sí òun létí. Mo ní kó mú wọn wá, kí n kà wọ́n fún un. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bu mí jẹ. "Kí ìwọ náà wá dúró sáàárín wa?"

Mo ní kó máa bọ̀ ní Sátidé. Ó ní kí òun wá jókòó láàárín àwọn ọmọ-ọmọ òun? Mo ní kó wá máa mú wọn jókòó jẹ́ẹ́, ta ló máa bi í? Bí Ìyá Ìjọ ṣe di ẹni tó ń mú kíláàsì wa dákẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó, rúlà gígùn lọ́wọ́ kan, ìwé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kejì. Tí mo bá kọ lẹ́tà kan sára pátákó, òun náà á kọ ọ́. Àwọn ọmọ ń fura.

"Grandma, how come you've got an exercise book?"

"Orúkọ àwọn tó ń pariwo ni mò ń kọ. Tìẹ ti wà níbẹ̀ twice."

Irọ́ gbáà ni. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ ló ń fà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì mi tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Oṣù ń gorí oṣù. Ní Sátidé kan tí ariwo pọ̀, ó dìde lẹ́yìn, ó wọ awò ojú alókùn, ó sì ka orúkọ ọmọ mẹ́rin jáde láti inú ìwé náà, ó kà wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó kà wọ́n pé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ké pé irọ́ ni, àwọn ò pariwo. Mo lọ wo ìwé náà. Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n orúkọ ni. Mo ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ dúró níwájú. Kì í ṣe ẹjọ́ wọn, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti pa mí, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ìgbà tó ku díẹ̀ kó lè máa ka gbólóhùn gígùn ni ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní erékùṣù kan tó wà lókè pátápátá ní Scotland, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ó ti ṣáájú. Wọ́n ń wá awakọ̀ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, wọ́n sì gbà mí. Nígbà tí mo sọ fún kíláàsì, ọmọ kan ní, "Swear down, Tíṣà? Do they even have Wi-Fi?" Ìyá Ìjọ dúró títí àwọn ọmọ fi lọ.

"Ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni, Ìyá."

"Yàtọ̀ sí ìyẹn."

Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun máa ka ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí ìjọ bá fẹ́ dágbére fún mi, níwájú gbogbo èèyàn, kí ojú òun àti ojú mi lè jọ rí i. Ó ní tí òun ò bá lè kà á nígbà tí mo wà níbẹ̀, òun ò ní í gbójú gbóyà ṣí agolo náà láéláé, torí ta lòun tún fẹ́ finú hàn? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tó ti mọ̀ lórí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Kò sí ibi tí a ṣí tí Ìyá Ìjọ kò mọ̀ lórí! Mo bá ṣí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kọ́ sórí, ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn baba ńlá sí, tí baba ń bí ọmọ, tí ọmọ náà ń bí tirẹ̀, lọ rẹrẹẹrẹ. Ó wò ó, ó ní, "Àwọn wo nìwọ̀nyí?" Mo mọ̀ pé a ti ríbi tó dáa.

Láàárín ìgbà yẹn, ìjọ ń dì mí lẹ́rù. Wọ́n ti gbọ́ pé erékùṣù tutù, wọ́n kó búláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà fún mi. Ẹnìkan fún mi ní ẹja gbígbẹ, páálí kan odidi, kí ebi má bàa pa mí. Mo ní iṣẹ́ ẹja pípa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó ní ẹja wọn kì í ṣe ẹja.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n pe Ìyá Ìjọ fún ẹ̀kọ́ kíkà. Mo rí i tí ọwọ́ ará ìjọ mẹ́ta ti wọnú báàgì láti fún un ní awò ojú. Kò wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Ó wọ èyí tó pọ́n, ó fi ìka sójú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ka baba, ó ka ọmọ, ó ka ọmọ-ọmọ. Níbi tí orúkọ kan bá ti le, á dúró, á mí, á tú u palẹ̀, á tò ó padà, á gbé e jáde. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Bàbá Wòlíì tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìran tiyín ló ń kà ni?" Omi ti bo ojú mi. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ìlọ mi ni mò ń sunkún sí, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé kí n fara balẹ̀, bọ́ọ̀sì wà ní Scotland náà. Nígbà tó ka orúkọ tó gbẹ̀yìn, ìjọ ké "Halelúyà" tó lágbára, torí pé ó parí. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Aago méjì ku díẹ̀ ni mo dé ẹnu ọ̀nà, mo nasẹ̀ sí igun, kò sí bàtà. Mo wò ó lọ́tùn-ún, mo wò ó lósì. Bàtà ọgọ́rin èèyàn wà níbẹ̀, tèmi nìkan ni kò sí. Ìjọ bá dìde. Ìyá Ìjọ ló ṣíwájú àwọn tó ń wá a. Ó to àwọn ọmọ kíláàsì mi sórí ìlà, ó ní kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè, ó ń yẹ abẹ́ sùtánà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"It wasn't even me!" ni ọmọ kan wí.

"Orúkọ ẹ ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀!" ni Ìyá Ìjọ wí.

Ìyá aríran kan, tí ẹ̀mí máa ń gbé, ní kí a dákẹ́. Ó di ojú, ó ní, "Mo rí omi. Mo rí nǹkan dúdú méjì, wọ́n dùbúlẹ̀ ti omi." Àwọn èèyàn sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́, wọ́n wo ilé ìdáná, Bàbá Wòlíì fúnra rẹ̀ ṣí ike omi àdúrà, ó tàn tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Mo pòṣé. Mo ní sínú pé tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ni ẹ̀mí ń wà, kò ní í dé ibì kankan lásìkò. Aago méjì kọjá. Ẹnìkan bá mú sálúbàtà obìnrin wá láti ilé ìyàgbẹ́, aláwọ̀ píńkì, tó ní òdòdó rọ́bà lórí, gìgísẹ̀ mi sì yọ síta lẹ́yìn rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo ní ó dàbọ̀.

Wọ́n ní kò burú, àwọn á sìn mí díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ "díẹ̀" wa. Gbogbo ìjọ tú síta nínú sùtánà funfun, kóòtù lórí, wọ́n ń yí àpótí mi, wọ́n ru páálí ẹja, wọ́n ń kọrin lórí títì High Road. Bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè pẹ́ẹ̀pẹ́ẹ̀pẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ló ń wà á, ó ń fọwọ́ sí ẹsẹ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. A dé ibùdókọ̀ ojú irin. A dágbére níta, a dágbére nídìí géètì. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ ti fi báàgì kan tí a fi ń gbé oúnjẹ kọ́ mi lọ́rùn ọwọ́.

"Mọ́ínmọ́ín ni. Má ṣí i títí o fi kọjá Stratford. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣeun. Ìyá, ẹ kà á o. Ẹ kà á pé."

"Má jẹ́ kí n sunkún níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọlé."

Mo ríbi jókòó. Ọkọ̀ kọjá Stratford, mo ṣí báàgì náà, torí ebi ti ń pa mí gidi. Mọ́ínmọ́ín kò sí níbẹ̀. Bàtà mi ló wà níbẹ̀, dúdú méjì, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán, ó sì dùbúlẹ̀ ti ìgò omi kan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá aríran nínú ọkàn mi. Nínú bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo ti rí bébà kan, tí wọ́n já láti inú ìwé orúkọ àwọn tó ń pariwo. Lẹ́tà gàdàgbà ló wà níbẹ̀, àwọn kan gun orí ìlà, àwọn kan jábọ́.

"Tíṣà. Èmi ni mo gbé bàtà rẹ. Mo fẹ́ kí o pẹ́ díẹ̀ ni. Mo ti ka lẹ́tà ìyá mi ní ìdájí òní, n kò lè dúró de ìsìn. Ibi tí obìnrin yẹn ń fò, ọ̀rọ̀ adìẹ ni. Ìyá mi ń ka orúkọ àwọn adìẹ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n kí wọn. Kọ̀wé sí mi. Mo máa kà á fúnra mi."

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo rẹ́rìn-ín sí adìẹ, ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn, obìnrin Òyìnbó tó jókòó tì mí fún mi ní tíṣù, ó wo sálúbàtà mi, ó tún fún mi ní ẹyọ kan sí i. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọkọ̀ ti kọjá Farringdon, níbi tó yẹ kí n ti sọ̀. Paddington ni mo ti sọ̀. Èmi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́sàn-án! Mo fa àpótí àti páálí ẹja padà lọ sí King's Cross, mo bá a tí ọkọ̀ Scotland ti lọ.

Ìyàwó mi pè, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní bàtà ni. Ó ní bàtà báwo? Mo ní màá ṣàlàyé. Mo bọ́ sálúbàtà, mo wọ bàtà mi, mo jókòó de ọkọ̀ tó tẹ̀lé e. Mo wá bébà jáde láti inú àpò mi, mo mú bírò, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá ńlá bí mo ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó, mo fi àmì ohùn sórí gbogbo rẹ̀ kó má bàa nira fún un: Ìyá Ìjọ, mo ti pẹ́.